Ọjọ́ Ajé kọ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ áàpù ọlọ́sẹ̀ kan ń bẹ̀rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ìkéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan fún àwọn tí ń kọ áàpù fóònù ń pọ̀ sí i, ìlérí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣe: pé ẹni tó bá wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò ti ní áàpù lórí Play Store tàbí App Store kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí gbà pé ọ̀sẹ̀ kan tó láti ṣe áàpù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí a kò gbà ni pé ó ṣeé ṣe láìsí ìmúrasílẹ̀ tó gùn ju ọ̀sẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dàrú, ẹ̀kọ́ kọ́ ló sábà máa ń fà á. Okùn USB, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ìlérí tí kò bá òfin ilé ìtajà áàpù mu ló máa ń fà á. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò mọ èyí, kí àwọn tó ń sanwó láti lọ náà sì mọ ohun tí wọn yóò béèrè.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ ń pa ọjọ́ Ajé. Android Studio tí a fi ń kọ áàpù Android, SDK rẹ̀ (àkójọ irinṣẹ́ rẹ̀), ètò Android kan fún emulator (fóònù àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà), pẹ̀lú àkójọ kóòdù tí Gradle, ètò tó ń sọ kóòdù di áàpù, máa ń fà wálé nígbà àkọ́kọ́ tí a bá kọ́ iṣẹ́ tuntun (ìyẹn ni pé a sọ ọ́ di áàpù), gbogbo rẹ̀ lè tó gígábáìtì 8 lórí ẹ̀rọ kan. Bí èèyàn 24 bá ń fà á pọ̀, gígábáìtì 192 nìyẹn. Lórí ìlà tó ń gbé mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (bíìtì mẹ́jọ ni báìtì kan), bí kò tilẹ̀ já rárá, wákàtí mẹ́jọ àbọ̀ ni yóò gbà. Ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tíì kọ ìlà kóòdù kan. Nítorí náà, bí olùṣètò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì àwọn yára, ẹ bi í pé mẹ́gábíìtì mélòó, kí ẹ sì pín in fún iye èèyàn tó ń bọ̀.

Ojútùú rẹ̀ kò le. Ẹ wá dísíìkì SSD méjì tàbí mẹ́ta tó ń lo USB 3, ẹ kó gbogbo ohun tí a nílò sínú wọn ṣáájú, kí wọ́n sì máa lọ láti tábìlì dé tábìlì. exFAT ni kí ẹ fi ṣètò dísíìkì náà, torí Windows ń kà á, Mac náà ń kà á, àwọn méjèèjì sì ń kọ nǹkan sí i. FAT32 tó wà lórí ọ̀pọ̀ fláàṣì kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó gígábáìtì 4. Fáìlì ńlá yóò kàn kọ̀ láti wọlé ni, ẹni tó ń dà á kọ yóò sì máa rò pé fláàṣì ló bàjẹ́.

Kí ni kó wà nínú dísíìkì náà? Android Studio fún Windows, fún Linux àti fún Mac oríṣi méjèèjì, ti Intel àti ti Apple. Ètò Android fún emulator ní oríṣi x86_64 fún ṣíìpù Intel àti AMD, àti òmíràn ní arm64 fún àwọn Mac tó ń lo ṣíìpù Apple. Fáìlì zip Gradle gan-an tí iṣẹ́ àpẹẹrẹ yín ń lò, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni àkójọ kóòdù tí iṣẹ́ náà gbára lé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùṣètò sì ń kù sí. Ẹ kọ́ iṣẹ́ àpẹẹrẹ náà lórí ẹ̀rọ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá da fódà modules-2 tó wà lábẹ́ .gradle/caches kọ, ẹ yọ fáìlì gc.properties àti gbogbo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .lock kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí GRADLE_RO_DEP_CACHE (environment variable kan tí Gradle máa ń kà) tọ́ka sí fódà tó gbé modules-2 náà dání. Ẹ pa Wi-Fi ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ fi --offline kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Bí ó bá yọrí, dísíìkì ti pé. Bí kò bá yọrí, orúkọ ohun tó ṣẹ́kù yóò wà nínú àṣìṣe tó bá gbé jáde.

Ẹ̀dà ohun gbogbo gbọ́dọ̀ bára mu lórí gbogbo ẹ̀rọ. Android Gradle Plugin 8, àfikún Gradle fún Android, kò ṣiṣẹ́ láìsí JDK 17 (irinṣẹ́ èdè Java) ó kéré tán, torí náà ẹni tó ní JDK àtijọ́ tí ètò rẹ̀ ń tọ́ka sí yóò rí àṣìṣe tí ẹnìkejì rẹ̀ kò rí. Bí Android Studio bá ń béèrè láàárín ọ̀sẹ̀ pé ṣé kí òun mú iṣẹ́ náà bọ́ sí ẹ̀dà tuntun, rárá ni ìdáhùn. Ẹ sọ èyí fún wọn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú.

A rọ àwọn olùṣètò pé kí wọ́n mú ètò kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan: Android tàbí iPhone. Mac nìkan ni Xcode, ètò tí a fi ń kọ áàpù iPhone, ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó ń fi Flutter tàbí React Native (irinṣẹ́ tó ń fi kóòdù kan náà ṣe áàpù Android àti ti iPhone) ṣiṣẹ́ lórí Windows lè kọ kóòdù rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọ fún iPhone láìsí Mac. Yàrá tí ìdajì wọn ń lo Xcode, tí ìdajì ń lo Android Studio, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì ni. Olùkọ́ tó bá ń ṣe méjèèjì pọ̀ yóò máa fi ìdajì èèyàn sílẹ̀ láìníṣẹ́ ní gbogbo wákàtí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kí a ti fún gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ níṣẹ́ kékeré kan: kó ṣí iṣẹ́ òfìfo, kó yí ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ ojú rẹ̀ padà, kó gbé e sórí fóònù tirẹ̀, kó sì ti kóòdù náà sórí Git, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù. Kì í ṣe ìdánwò ọgbọ́n. Ohun tó ń fi hàn ni pé ẹ̀rọ rẹ̀, okùn rẹ̀, fóònù rẹ̀ àti àkáǹtì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é tán nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún, kí olùrànlọ́wọ́ kan pè é. Èyí tún ń fi hàn bóyá ẹni náà ti kọ kóòdù rí, nítorí ọ̀sẹ̀ kan kò tó láti kọ́ èèyàn ní kóòdù láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tún wá ṣe áàpù. Àwọn méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ètò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ní ti kọ̀ǹpútà, RAM gígábáìtì 8 ni ìsàlẹ̀ pátápátá fún Android Studio, 16 ló sì yẹ. Ẹni tó ní 8 kó gbàgbé emulator, fóònù gidi ni kó lò. Emulator tún nílò kí a tan ìrànlọ́wọ́ virtualization ṣíìpù náà (tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹ̀rọ mìíràn) nínú BIOS, ètò ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà, èyí tó ń jẹ́ VT-x lórí Intel àti SVM lórí AMD. Pípa ló máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, bí ó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, BIOS náà lè ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó gbé e wá kò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni irú rẹ̀ ṣeé yanjú.

A dé ibi fóònù àti okùn, ibi tí wákàtí ti ń ṣòfò jù. Okùn kan wà tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé, kì í gbé dátà. Fóònù yóò máa gba iná, kọ̀ǹpútà kò ní rí i, ẹni tó ni fóònù yóò sì máa dá kóòdù lẹ́bi. Kí okùn mẹ́fà tí a ti dán wò wà lọ́wọ́ olùṣètò, mẹ́ta tó ní orí USB-C ní ìdí méjèèjì, mẹ́ta tó ní orí USB àtijọ́ ní ìdí kan. Lórí fóònù, ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje nínú ètò rẹ̀ kí Developer options tó hàn, kí ẹ tó tan USB debugging. Lẹ́yìn èyí ni fóònù yóò béèrè pé ṣé kí òun gba kọ̀ǹpútà yìí gbọ́. Bí ojú fóònù bá wà ní títìpa nígbà tí ìbéèrè yìí wọlé, kò sẹ́ni tí yóò rí i, adb, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀, yóò sì máa kọ unauthorized. Ẹ ṣí fóònù, ẹ yọ okùn, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́.

Láti Android 11 ni a ti lè ṣe é láìsí okùn, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e nínú yàrá tí èrò pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ Wi-Fi gbogboogbò kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kan bá ẹ̀rọ kejì sọ̀rọ̀. Méjèèjì yóò rí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kò ní rí ara wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ráútà tiyín wá, kí ẹ sì rí i pé ìdènà yìí wà ní pípa lórí rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tí áàpù bá fẹ́ bá sáfà (ètò tó ń fún áàpù ní dátà) sọ̀rọ̀, wàhálà mìíràn ń bọ̀. Ẹni tó gbé sáfà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò kọ localhost, orúkọ tí ẹ̀rọ fi ń pe ara rẹ̀, sínú kóòdù, fóònù yóò sì wá sáfà náà lórí ara rẹ̀, kò ní rí i. Lórí emulator, 10.0.2.2 ló ń tọ́ka sí kọ̀ǹpútà. Lórí fóònù tó wà lórí okùn, àṣẹ adb reverse tcp:8080 tcp:8080 yóò mú kí localhost ṣiṣẹ́ bí a ṣe rò, bí ó bá jẹ́ 8080 ni sáfà ń lò. Kí okùn yọ kí a sì tún un kì bọ̀ ọ́, a ní láti pa àṣẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí adírẹ́sì bá tọ̀nà tí nǹkan ṣì kọ̀, ẹ wò ó bóyá http lásán ni, tí kì í ṣe https: áàpù tí a kọ fún Android 9 sókè kì í gbà á àfi tí a bá yọ̀ǹda rẹ̀ nínú ètò ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì áàpù náà. Ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹ̀dà ìdánwò nìkan. Ó sì sàn kí olùṣètò gbé sáfà kékeré kan sínú yàrá náà fún gbogbo ẹgbẹ́, èyí tó ń dáhùn bákan náà ní gbogbo ìgbà, ju kí a gbé ọ̀sẹ̀ kan lé orí sáfà ẹlòmíràn tó lè yí padà nígbàkigbà.

Iná kò gba àlàyé púpọ̀. Ṣájà kọ̀ǹpútà 24 tó ń fa wáàtì 65 yóò fa wáàtì 1,560 bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, kí a tó ka pùròjẹ́tọ̀. Ẹ pín in sórí ìlà iná tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ má sì ki wáyà ìfàgùn bọ inú wáyà ìfàgùn.

Kí ni kí wọ́n kọ́? Èrò wa le lórí èyí: áàpù ojú mẹ́ta, tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, tó sì ń ṣe é bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà tàbí bí kò sí. Ojú tó ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, ojú tó ń fi ẹyọ kan hàn, ojú tí a ti ń fi tuntun kún un. Kò gbọdọ̀ sí ìforúkọwọlé. Ọ̀rọ̀ aṣínà, ìgbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà àti ìfìdímúlẹ̀ ímeèlì yóò jẹ ọjọ́ méjì, wọn kò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tó ju fọ́ọ̀mù kíkún lọ. Kò gbọdọ̀ sí ìsanwó, torí pé ilé ìsanwó yóò fẹ́ yẹ okòwò wò kó tó ṣílẹ̀kùn. Ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ láàárín èèyàn púpọ̀ náà kò gbọdọ̀ sí. Àwọn tó wá yóò ráhùn pé ó kéré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ráhùn. Áàpù kékeré tó parí ni wọn yóò ti mọ bí a ṣe ń parí nǹkan.

Èèyàn mẹ́ta sí ẹgbẹ́ kan ló dára jù. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, ẹni méjì yóò máa wòran. Ní ọjọ́ Ajé, kí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí pépà kó tó di ọ̀sán, kí bébà náà kọjá lọ́wọ́ olùkọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí kọ̀ǹpútà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣeé ṣí lórí fóònù gidi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àfiṣàpẹẹrẹ. Ìṣẹ́gun jẹ́ ti ìpamọ́ dátà sórí fóònù, pẹ̀lú irinṣẹ́ Room bí ó bá jẹ́ Android. Ọjọ́rú jẹ́ ti sáfà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kí olùkọ́ jókòó ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n jọ yọ ohun tí kò ní parí kúrò. Ìpàdé yìí le, ó ń dun àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n òun ló ń gba Ọjọ́bọ̀ là.

Ọjọ́rú kan náà ni kí a kọ́ ẹ̀dà ìtújáde, èyí tí a óò gbé síta, fún ìgbà àkọ́kọ́, kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì. Lórí Android, bí a bá tan R8 láti dín áàpù kù, yóò yọ kóòdù tó rò pé a kò lò, yóò sì yí orúkọ àwọn yòókù padà. Àkójọ kóòdù tó ń fi orúkọ wá kíláàsì (ẹ̀ka kóòdù kan) nígbà tí áàpù ń ṣiṣẹ́, bí irú èyí tó ń ka JSON (ọ̀nà tí sáfà fi ń to dátà), yóò wá a tì. Áàpù tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní ẹ̀dà ìdánwò yóò wá kú ní kété tí a bá ṣí i, tàbí kó máa fi àyè òfìfo hàn. Òfin ìpamọ́ kan tàbí méjì nínú fáìlì ProGuard, tí R8 máa ń kà, ló ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí á tó mọ kíláàsì wo ni, ó lè gba wákàtí mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ní wákàtí mẹ́ta ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń buwọ́ lu áàpù kò gbọdọ̀ dé orí Git, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ API èyíkéyìí, ìyẹn àṣírí tí áàpù fi ń wọlé sí sáfà. Kí fáìlì .gitignore, tó ń sọ ohun tí Git kò gbọdọ̀ gbé, ti wà nínú iṣẹ́ àpẹẹrẹ kí a tó pín in, pẹ̀lú build, .gradle àti local.properties nínú rẹ̀. local.properties ló ń sọ ibi tí SDK wà lórí ẹ̀rọ ẹnìkan, bí ó bá bọ́ sórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, iṣẹ́ onítọ̀hún kò ní kọ́ mọ́.

Láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kò sí ohun tuntun mọ́, ìdánwò ni. Kí ẹgbẹ́ kan gba áàpù ẹgbẹ́ kejì, kí wọ́n sì sapá láti bà á jẹ́. Ẹ yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́ láàárín fọ́ọ̀mù: bí ohun tí a ti tẹ̀ bá pòórá, Activity (kóòdù tó gbé ojú náà) ni a tún dá, tí a kò sì pa dátà mọ́ sínú ViewModel (ibi ìpamọ́ dátà ojú náà) tàbí ibi tó yẹ. Ẹ tan "Don't keep activities" nínú Developer options, ẹ lọ sínú áàpù mìíràn, ẹ padà. Ẹ tan ipò ọkọ̀ òfurufú bí ó ti ń bá sáfà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ sọ lẹ́tà fóònù di ńlá jù lọ, kí ẹ wò ó bóyá bọ́tìnnì ṣì wà lójú. Ẹ lo fóònù àtijọ́ tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 2, kì í ṣe ti olùkọ́. Ẹ tẹ orúkọ tó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì wá a: "ọ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ó ju ọ̀nà kan lọ tí a lè gbà tò ó jọ, áàpù tí kò bá sọ gbogbo rẹ̀ di NFC (ọ̀nà ìtò kan ṣoṣo nínú Unicode) kó tó fi wọ́n wéra yóò ní kò sí orúkọ tó wà níwájú rẹ̀.

Olùkọ́ kan fún èèyàn mẹ́fà ni ká máa wò. Nínú yàrá ẹni 24, kí mẹ́rin wà, kí ọ̀kan nínú wọn má kọ́ ẹnikẹ́ni rárá, kó máa rìn káàkiri tọ́jú ẹ̀rọ àti okùn. Ẹni tí nǹkan bá há mọ́ lọ́wọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kó lẹ bébà pupa mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó má ṣe dúró dìgbà tí ojú kò ní tì í mọ́. Olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ gba kíbọọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yára ju kó sọ ọ́ lẹ́nu lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò tẹ̀ ẹ́ kò ní rántí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí a ti yàrá pa. Àwọn tó ń fi àìsùn ṣe Ọjọ́rú mọ́jú kì í rí àṣìṣe tó wà níwájú wọn ní Ọjọ́bọ̀.

Ó wá ku ìlérí ilé ìtajà áàpù. Lórí Google Play, àkáǹtì olùkọ-áàpù jẹ́ dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ àkáǹtì ẹni kan tí a ṣí lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Google yóò fẹ́ kí èèyàn 12 ó kéré tán wà nínú ìdánwò àdáni (closed testing) áàpù náà fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́dúró, kí onítọ̀hún tó lè bẹ̀bẹ̀ láti gbé e síta fún gbogbo ayé. Ọjọ́ 14 kò lè wọ inú ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti Apple, dọ́là 99 lọ́dún ni. Ẹni tó fi àkáǹtì ọ̀fẹ́ gbé áàpù sórí iPhone rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, áàpù náà kò ní ṣí mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ̀dà tó sì wà lórí TestFlight, ètò ìdánwò Apple, ní ọjọ́ 90 láti gbé.

Ohun tí olùṣètò lè ṣèlérí láìparọ́ ni ìdánwò abẹ́lé (internal testing) lórí Play, èyí tó gba èèyàn 100, tí wọ́n ń fi ìlínkì wọlé sí. Kí àwọn ẹgbẹ́ ti ṣí àkáǹtì wọn kí ọ̀sẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀, torí ìyẹ̀wò ìdánimọ̀ lè gba ọjọ́ díẹ̀. Yàrá ẹni 24 sì ní olùdánwò tó fún gbogbo wọn: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó fi àwọn tó kù ṣe 12 tirẹ̀ fún ìdánwò àdáni ní ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n fi márùn-ún tàbí mẹ́fà lé e nítorí àwọn tí yóò jáde. Kí olùkọ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wo iye yìí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé e, nítorí bí wọn kò bá pé 12 mọ́, ọjọ́ tí a ti kà lè ṣòfò.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ àti olùṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ áàpù fóònù